Fúnmi, Má Tíì Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀ Nítorí Ẹṣin Ìlọrin

Òdòdé, Ìdànrè.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ tí mo fẹ́ràn,

Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Mo kí ọ o. Ara wa le. Orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé òun kọ́ ló gbé mi dé ibi tí mo dé láyé yìí. Kòkó ti ń so, òjò ò sì tíì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún yìí. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ìyá rẹ wà níwájú mi, ó ń ṣa ẹ̀fọ́, ó sì ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé lẹ́tà kì í ṣe ìwàásù. O mọ̀ ọ́n, tíṣà ò lè fẹ̀yìn tì kó fi ẹnu tì. Ó ní òun máa fi bírò pupa tọ́ àmì orí ọ̀rọ̀ mi sọ́nà kí àbúrò rẹ tó ya lẹ́tà náà ní fọ́tò fi ránṣẹ́ sí ọ. Bí o bá rí pupa níbì kan, ọwọ́ rẹ̀ ni.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò kàn pè ọ́. Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, o ń sunkún, èmi náà sì ń sọ pé "ó dáa, ó dáa" bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́ lẹ́kún. Ìgbà tí o pa fóònù tán ni gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ wá ń dé sí mi lẹ́nu. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn látìgbà èwe. Ẹnu mi kì í yá, àfi tí mo bá di bírò mú.

Jẹ́ kí n tún ohun tí o sọ sọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ. Ó ti tó oṣù mẹ́fà báyìí tí o ti kúrò ní ilé ìwòsàn ẹran tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, tí ìjọba gbà ọ́ sí ọ́fíìsì tó ń ṣe òfin ìtọ́jú ẹran ní Àbújá. Wọ́n ní kí ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ kọ òfin lórí ìtọ́jú tuntun kan fún ẹṣin, èyí tí ẹ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Bó ṣe yé mi sí ni pé, bí iṣan ẹsẹ̀ ẹṣin bá ya, dókítà á fa díẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ tàbí nínú mùdùnmúdùn egungun rẹ̀. Á wá yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó lè di ẹran ara tuntun jáde. Nígbà mìíràn á sìn wọ́n ní láàbù títí wọn á fi pọ̀, á sì fi abẹ́rẹ́ dá wọn padà sí ojú ibi tó ya. Bó bá ṣiṣẹ́, ẹṣin tó ń tiro lè tún máa rìn dáadáa. Bí kò bá ṣiṣẹ́, tàbí tí ọwọ́ ẹni tó ṣe é bá dọ̀tí, ẹsẹ̀ á wú, á kún fún ọyún, ẹṣin sì lè bá a lọ.

O ní èyí tó burú ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ń gún ẹṣin ẹlẹ́ṣin ní abẹ́rẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá. Ni ọ̀gá yín bá kó ìwé àwọn dókítà tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè láti ṣe ìtọ́jú náà síwájú rẹ, pé kí o yẹ̀ ẹ́ wò kí òfin tó jáde. Ẹ̀rù bà ọ́, o sì kọ "rárá" sí gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó jáde lọ jẹun ọ̀sán. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Àlàájì arúgbó kan ní Ìlọrin tí iṣan ẹsẹ̀ ẹṣin rẹ̀ ya. Dókítà tirẹ̀ to ohun gbogbo lẹ́sẹẹsẹ sínú fáìlì tó nípọn, ṣùgbọ́n o kò kà ju ojú ewé àkọ́kọ́ lọ. Bàbá yẹn wá wọkọ̀ wá bá ọ ní Àbújá. Kò bínú, kò bú ọ. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ ẹṣin rẹ̀ fún ọ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lórí àìsàn, pé àwọn ènìyàn ti ń gba òun níyànjú pé kí òun jẹ́ kí wọ́n pa á kó lè sinmi. Ọjọ́ yẹn gan-an lo tẹ lẹ́tà pé o ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. "Dádì, mo fẹ́ padà sí Àkúrẹ́ kí n máa tọ́jú ajá mi jẹ́jẹ́." Ohun tí o sọ nìyẹn, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ju ẹkún lọ.

Ọmọ mi, ẹkún yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àgbà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá ní àánú lójú kò ní sunkún nítorí ẹṣin tí kò rí rí, inú mi sì dùn pé mo bí irú rẹ. Ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí lẹ́tà tí o tẹ̀ yẹn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní rèé, mo fi í ṣíwájú kí o má baà ti sùn lọ kí o tó dé ibẹ̀. Má tíì fún ẹnikẹ́ni ní lẹ́tà náà. Bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni. Má fi mí rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé ẹ̀yìn ọ̀kadà nìkan ni èmi ń gùn, òun náà ti dá mi rí lójú ọ̀nà Àtosin, ọlọ́kadà sì ní àfi kí n bẹ òun nítorí ara mi ló wúwo. Ohun tí mò ń wí ni pé bí o bá kúrò níbẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn á jókòó sórí àga yẹn lọ́la. Ó lè jẹ́ ẹni tí kò ní sunkún rárá. Ta ni Àlàájì náà á wá lọ bá?

Èkejì. O mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe kí n tó padà sí oko, o sì mọ̀ pé iṣẹ́ yíyẹ kòkó wò ni. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ọ rí ìdí tí wọ́n fi gbé mi kúrò nílé fún ọdún méjì nígbà tí o ṣì wà ní ìkókó. Ìyá rẹ máa ń sọ fún yín pé wọ́n gbé mi ga ni. Kí Ọlọ́run dárí irọ́ náà jì í, ìfẹ́ ló mú un pa á.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò bá kó kòkó wá, a ó fi irin ṣóńṣó oníhò gún àpò kọ̀ọ̀kan ní ibi mélòó kan, hóró kòkó á máa yọ jáde gba inú ihò irin náà. A ó tò wọ́n sórí pákó, a ó fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó wo inú wọn, a ó sì gbóòórùn wọn. Ojú hóró kòkó lè máa dán kí inú rẹ̀ sì ti bu. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun mọ kòkó láti ìta, irọ́ ló ń pa. Bó bá dára, a ó lu òǹtẹ̀ sí àpò, a ó sì dí i. Láti ibẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó tún máa bi àgbẹ̀ léèrè ohunkóhun, òǹtẹ̀ wa ló ń sọ̀rọ̀ fún un.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì, oníṣòwò kòkó. A jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ni, ohùn rẹ̀ sì dára débi pé bí ó bá ti gbé orin, àwọn ìyá ìjọ á ti máa nu ojú. Òun ló dúró tì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ní ọdún yẹn, òjò rọ̀ kọjá ààlà. Ó kó kòkó rẹ̀ dé, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọkọ̀ ń dúró, ìwọ náà ṣá mọ̀ mí." Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Tòlótòló tó gbé wá fún wa ní Kérésìmesì tó ṣáájú, a ti jẹ ẹ́ tán títí dé ọrùn. Ìyá rẹ ń wò mí báyìí. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ní kí n dá tòlótòló náà padà. Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ló jẹ itan rẹ̀.

Mi ò la ẹyọ kòkó kan. Mo lu òǹtẹ̀ sí gbogbo àpò Sámúẹ́lì. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò ní sítọ́ọ̀ ní Àkúrẹ́, inú rẹ̀ ti bu bí búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá jẹ́ pé tirẹ̀ nìkan ni wọ́n dá padà, ọ̀rọ̀ ì bá mọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ tí kò ṣeé gbà gbọ́ lára àpò kan, ta ló máa gbà á gbọ́ lára èkejì? Gbogbo ohun tó ní òǹtẹ̀ mi ni wọ́n dá padà. Àwọn ìyá àgbàlagbà láti Àtosin wà nínú wọn, àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ tẹ̀ ba lórí àpáta, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kòkó lójú oòrùn, tí wọ́n ń sáré palẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí òjò bá ṣú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá kó o. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ọmọ mi, kí la ṣe?" Kò pẹ́ sí i ni ìjọba fi ìyà jẹ mí, wọ́n gbé mi lọ sí ibòmíràn fún ọdún méjì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn tí ẹ jọ ka ìwé dókítà ẹran máa wá bá ọ, bí wọn kò bá tíì wá. Wọn á ní, "Fúnmi, ìwọ náà ṣá mọ̀ mí." Wọn á gbé fídíò ẹṣin tó ń sáré hàn ọ́ lórí fóònù. Kí wọn dáadáa, bi wọ́n léèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ, kí o sì ní kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ wá. Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ ní tòótọ́ kò ní bínú.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ òfin náà fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló kan Dádì nínú èyí. Mi ò ka ìwé dókítà, ṣùgbọ́n mo ti jókòó sídìí òfin pẹ́ tó láti mọ bó ṣe ń rí fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

O ní àwọn dókítà ẹṣin kan ń sọ pé ohun tó ti ara ẹṣin jáde tó sì padà sí ara ẹṣin kan náà kì í ṣe oògùn, nítorí náà kí òfin yọwọ́. Àwọn kejì ní ohunkóhun tó bá ti wọ láàbù ti di oògùn, kí ẹ tì í pa títí wọn á fi fi ọ̀pọ̀ ọdún dán an wò. Lójú tèmi, òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu wọn méjèèjì. Bí mo bá wa ẹ̀gẹ́ lóko mi tí mo sè é jẹ lọ́jọ́ náà, ta ló fẹ́ bi mí léèrè? Ṣùgbọ́n bí mo bá rin ín, tí mo dì í sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan, tí mo yan án ní gààrí, tí mo sì gbé e lọ sọ́jà, ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ bóyá àpò mi mọ́. Èyí tí wọ́n fà jáde tí wọ́n sì dá padà lọ́jọ́ kan náà lórí ìdúró, ẹ lè fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ mú un. Èyí tí wọ́n sìn ní láàbù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan lọ wo láàbù náà. Èyí tó sì wá láti ara ẹṣin mìíràn, tí ẹ kò mọ àrùn tó wà lára rẹ̀, òun ni kí ẹ fi ọwọ́ líle mú jù lọ. Bí mo bá ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kàn rẹ́rìn-ín, kí o sì kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n kọ "rárá" gbogbogbòò. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wò ó, ta ló kọ̀wé wá bẹ̀ yín fún àyè? Dókítà tó ń bẹ̀rù òfin ni. Ẹni tó ń gún ẹṣin lábẹ́rẹ́ ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, kò sì ní kọ ọ́. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, ẹni rere nìkan ló máa dúró síta. Ẹlẹ́ṣin tí ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́ á sì máa fa ẹṣin rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹni burúkú yẹn, nítorí ẹni tí omi ń gbé lọ kò ní yẹ ohun tó máa dì mú wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í. Ẹ bi dókítà pé níbo lo ti fa ohun tí o fà, ọwọ́ ta ló gbà kọjá, inú ẹ̀rọ amóhun-tutù wo ló sùn. Ẹ bi í pé kí lo sọ fún ẹni tó ni ẹṣin, ṣé o sọ fún un pé ó lè má ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù: ta ló máa padà lọ wo ẹsẹ̀ ẹṣin náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí á kọ ohun tó rí sílẹ̀, ìbáà dára, ìbáà burú? Àwa tí a ń yẹ kòkó wò kì í padà lọ wo ẹnikẹ́ni. Bó bá ti kúrò níwájú wa, ó ti tán.

Ìyá rẹ ní kí n fi ti òun sí i. Ó ní ẹṣin kò lè buwọ́ lùwé, nítorí náà kí òfin yín fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń fún un lóúnjẹ láràárọ̀ láti sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó rà á nìkan. Mo gbà. Ó máa ń gbọ́n jù mí lọ bí kò bá ti bínú.

Mo rò pé ẹ̀kẹrin la dé, àbí ẹ̀karùn-ún. Máa jẹun. Ẹni tí ebi ń pa kì í dájọ́ tó dáa, o sì ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ pé kí ẹ tó jẹun ọ̀sán lo kọ gbogbo "rárá" yẹn. Wá ṣọ́ọ̀ṣì kan tó sún mọ́ ilé rẹ. Má gbé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ sùn. Ní ti ọ̀dọ́kùnrin onígíláàsì tó dúró ti ọ́ nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́ Àjíǹde, mi ò ní béèrè ohunkóhun. Mo kàn kíyè sí i pé ẹ̀rín yín jọra ni.

Ó ku ẹyọ kan. Ìyá rẹ ti gbé ẹ̀fọ́ wọlé báyìí, ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí mi ò tíì sọ èyí fún òun náà rí. Bó bá wá fi bírò pupa rẹ̀ kà á, á ti mọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo padà sí Ìdànrè lẹ́yìn ọdún méjì, mo ti di ẹlòmíràn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí àgbẹ̀ bá rẹ́rìn-ín sí mi, mo ti fura. Mò ń kọ kòkó fún ohun tí kò tó nǹkan, àwọn ọ̀gá mi sì ń yìn mí pé mi ò mojú ẹnikẹ́ni. Fúnmi, kí n má purọ́, ìyìn yẹn dùn mọ́ mi gan-an.

Ọkùnrin kan wà ní Aládé tó ń jẹ́ Akíntádé. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin oko kòkó kan láti èso títí ó fi di igi, ọdún yẹn sì ni oko náà kọ́kọ́ so dáadáa fún un. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kó kòkó náà wá síwájú mi. Bí mo ṣe sún mọ́ àpò, mo gbóòórùn èéfín. Nígbà òjò, àwọn kan máa ń fi iná yan kòkó kó lè tètè gbẹ, èéfín á wọnú hóró, kò sì ní ṣeé ṣe ṣokoléètì mọ́. Mo ní, "Kòkó eléèéfín ni. Ẹ gbé e padà."

Ó ní, "Ọ̀gá, àpò ló ń rùn. Ilé ìdáná la kó àpò òfìfo sí nígbà òjò. Oòrùn la fi sá kòkó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á wò."

Mo ní mi ò ráyè.

Ìyàwó rẹ̀ ti kúnlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tún ní, "Ẹyọ kan péré, Ọ̀gá. Ẹ kàn la ẹyọ kan."

Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi. Pákó wà níwájú mi. Bí mo bá là á, tí mo gbóòórùn inú rẹ̀, n óò mọ òótọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n là á. Mò ń rò ó pé bí mo bá là á, tí mo rí i pé ó dára, n óò ní láti lu òǹtẹ̀, bí mo bá sì lu òǹtẹ̀, orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé rárá, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Mo yíjú sí àpò ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo gbọ́ pé ó ti mú àdá, ó ti gé gbogbo oko kòkó náà lulẹ̀, ó sì ti gbin ẹ̀gẹ́ sí i.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ pé n óò lọ bá a. Bí mo bá ń lọ sí Aládé fún òkú tàbí fún ìgbéyàwó, mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn kí n má baà kọjá níwájú ilé rẹ̀. O dàgbà, o lọ sí yunifásítì, o di dókítà, mi ò tíì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí o sọ lórí fóònù pé o kò ṣí fáìlì bàbá Ìlọrin yẹn kọjá ojú ewé àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan di ọwọ́ mi mú. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Aládé lọ́jọ́bọ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ pé mo fẹ́ lọ wo irúgbìn.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń di ìgbálẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì ríran tó mọ́. Mo kí i, ó gbé orí sókè, ó ní, "Ọ̀gá kòkó. Jókòó." Ohùn mi ló fi dá mi mọ̀. Èdè Ìdànrè la fi sọ̀rọ̀, mo kàn ń kọ ọ́ bí ìwé ti ń kọ ọ́ ni, kí bírò pupa má baà gbẹ mọ́ ìyá rẹ lọ́wọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ó ń bá ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Bó o bá là á, tó o sì ní kò dára, ǹ bá gbà. Ìyàwó mi náà ì bá gbà. O ò là á." Kò gbé ohùn sókè rárá. Omi bọ́ lójú mi, Fúnmi, èmi bàbá rẹ, lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé.

Ó bi mí pé kí ló wá gbé mi wá lẹ́yìn ọdún gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún un, ti Àlàájì, ti ẹṣin, ti fáìlì. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé sẹ́ẹ̀lì fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ayé ti gbòòrò. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Ẹṣin yẹn ńkọ́? Wọ́n ti pa á?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ó ṣì wà."

Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ò ní kòkó kankan tí o lè wá là wò mọ́. Sọ fún ọmọ rẹ kó máa lọ sí Ìlọrin báyìí, nígbà tí ẹṣin náà ṣì ń mí. Kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bó bá fẹ́, kó sọ pé rárá."

Mo ti jíṣẹ́ tó rán mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.